Iye Ojúgun Kan

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà kan, ìyá kan mú ìwé kan wá bá wa nílé ní Ifangni. Ìwé owó ilé ìwòsàn ni. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, ìlà mẹ́tàdínlógún ni ó ní, iye owó sì wà níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ó ti jókòó níwájú wa ní kíláàsì ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojúgun fún. Ìyá náà kò gbọ́ Faransé. Ẹnìkan ti ka àpapọ̀ owó tí ó wà nísàlẹ̀ fún un, èyí nìkan ni ó sì mọ̀ nínú gbogbo ohun tí ó wà lójú ìwé. Ó jókòó, ó tẹ́ ìwé náà sórí itan rẹ̀, ó ní: «Olùkọ́, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Ṣé iye ẹsẹ̀ ọmọ mi ni wọ́n kọ síbẹ̀ yìí, àbí iye ohun tí wọ́n ṣe sí ẹsẹ̀ náà?»

A kò rí èsì fọ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan fún un: owó yàrá iṣẹ́ abẹ, owó oògùn tí ń múni sùn, owó ọ̀pá irin, owó bándéèjì, owó ibùsùn. Nígbà tí a dé ìlà kẹsàn-án, a dúró. Rádíò egungun ẹ̀yìn, èyíinì ni fọ́tò inú ara, ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìyá náà wò wá lójú. «Ẹ̀yìn kẹ̀? Ojúgun ọmọ mi ni ó ṣẹ́. Kò sí ohun tí ó ṣe ẹ̀yìn rẹ̀.» Inú bí wa. Ó dà bí ẹni pé a ti ká olè mọ́ ìdí ẹrù. A ṣèlérí fún un pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, a ó bá a dé ilé ìwòsàn náà láti lọ béèrè.

Ohun tí wọ́n sọ fún wa níbẹ̀, a ó sọ ọ́ kí a tó parí ọ̀rọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tẹ̀lé ìbéèrè ìyá náà dé ibi tí agbára wa bá mọ, nítorí ìbéèrè tí àwọn ọ̀mọ̀ràn lè fi ọjọ́ gbọọrọ jiyàn lé lórí ni. Nígbà tí a bá ń sanwó ìwòsàn, kí ni a ń sanwó fún? Ẹni tí ń kọ orúkọ àìsàn sínú ìwé, ta ni ó ń kọ ọ́ fún? Bí owó kò bá sì sí, kí ni ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́, kí sì ni ẹ̀tọ́ ẹni tí a ṣe é fún?

Eegun ọlọ́lá àti eegun ẹrú

Ìbéèrè náà kì í ṣe tuntun. Ní nǹkan bí ọdún 1750 ṣáájú ìbí Jésù, Hammurabi, ọba Bábílónì, mú kí wọ́n gbẹ́ òfin rẹ̀ sára òkúta dúdú ńlá kan. Àwọn awalẹ̀pìtàn Faransé hú òkúta náà jáde ní Súsà ní 1901 sí 1902, ó sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní Paris títí di òní. Òfin náà sọ iye tí a ó san fún oníṣègùn tí ó bá wo eegun tó ṣẹ́ sàn: ṣékélì fàdákà 5 bí aláìsàn bá jẹ́ ọlọ́lá, 3 bí ó bá jẹ́ gbáàtúù, 2 bí ó bá jẹ́ ẹrú, olówó ẹrú náà ni yóò sì san án.

Iṣẹ́ kan náà ni oníṣègùn ṣe. Eegun kan náà ni ó tò. Ohun tí ó yí owó padà ni irú ẹni tí ó ni eegun. Òfin kan náà sọ pé bí ọlọ́lá bá ṣẹ́ eegun ọlọ́lá ẹgbẹ́ rẹ̀, kí a ṣẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ eegun gbáàtúù ni ó ṣẹ́, kí ó san fàdákà. Ẹnìkan lè sọ pé àánú wà nínú ètò yìí, nítorí ẹni tí ó ní lọ́wọ́ ni ó ń san jù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́lá àti ẹrú bá fara pa ní ọjọ́ kan náà, ẹnu ọ̀nà ta ni oníṣègùn yóò kọ́kọ́ yà sí? Bí Hammurabi bá dá ìyá Ifangni lóhùn, yóò sọ pé: «Iye ọmọ rẹ ni a kọ síbẹ̀.»

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, láti Ifangni dé Sakété àti Pobè, àti ní ìhà kejì ààlà ní Ìdí-Ìrókò, àwọn tí ń to eegun ti wà kí ilé ìwòsàn tó dé, wọ́n sì wà títí di òní. Ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ àṣà adìyẹ. Oníṣègùn a mú adìyẹ kan, a ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, a sì máa fi oògùn tí ó fi ń wo aláìsàn wo adìyẹ náà. Ọjọ́ tí adìyẹ bá fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ tí ó sì rìn, wọ́n á gbà pé àkókò tó fún aláìsàn láti dìde. Ohun yòówù tí a lè rò nípa àṣà yìí, a kò lè sẹ́ pé ìwé ìṣirò ni adìyẹ yẹn jẹ́, gbogbo ẹbí ni ó sì lè kà á. Kò sí ìyá tí ó nílò olùkọ́ Faransé láti mọ ibi tí ìwòsàn ọmọ rẹ̀ dé. Owó ibẹ̀ pàápàá sábà máa ń tẹ̀lé ara: a mú díẹ̀ wá níbẹ̀rẹ̀, a mú ìyókù wá nígbà tí ara bá le, ẹni tí kò sì ní owó lè fi ohun oko san án.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìfẹ́ àṣà fọ́ wa lójú. Ojúgun kò ní ẹran níwájú. Awọ fẹ́ẹ́rẹ́ ni ó bò ó. Ìdí nìyí tí eegun ibẹ̀ fi máa ń tètè lu awọ jáde nígbà tí ó bá ṣẹ́, tí kòkòrò àrùn sì ń rí ọ̀nà wọlé. Igi tí a dì mọ́ ẹsẹ̀ tí ó ti wú, bí a bá dì í le jù, a dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ẹsẹ̀ náà a kú, gígé ni yóò sì gbẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn dókítà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti kọ̀wé nípa irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ léraléra. Adìyẹ tí ó rìn kò lè kìlọ̀ èyí fún wa, nítorí ẹsẹ̀ adìyẹ ni ó sàn. Nítorí náà ni ẹbí ọmọ yìí, tí eegun rẹ̀ ti yọ síta, fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì ṣe ohun tí ó tọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé ìwé tí wọn kò lè kà.

Orúkọ tí a so owó mọ́

Ní 1893, ní ìlú Chicago, Jacques Bertillon, ọmọ Faransé tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ṣíṣe ìṣirò àwọn ènìyàn Paris, gbé àkójọ orúkọ àwọn ohun tí ń pa ènìyàn kalẹ̀ níwájú àwọn onímọ̀ ìṣirò àgbáyé. Ohun tí ó ń wá ni pé kí ikú kan náà máa jẹ́ orúkọ kan náà ní gbogbo ìlú, kí a lè fi ìlú kan wé òmíràn. Fún ọdún púpọ̀, òkú ni àkójọ náà ń kà. Ìgbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà á sọ́wọ́, tí wọ́n sì ṣe àtúnṣe kẹfà rẹ̀ ní 1948, ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn alààyè tí ń ṣàìsàn àti àwọn tí ó fara pa pẹ̀lú. Wọ́n fọwọ́ sí àtúnṣe kẹwàá ní 1990; ìkọkànlá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022.

Nínú àtúnṣe kẹwàá, S82.2 ni orúkọ ojúgun tí ó ṣẹ́ ní agbede méjì. Dókítà tí ó bá kọ ọ́ ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, àti èyí tí ó bá kọ ọ́ ní Èkó, ní Lomé tàbí ní Tokyo, ohun kan náà ni wọ́n sọ. Irú nǹkan báyìí kò ṣàjèjì sí àwọn baba wa. Àrokò ni. Owó ẹyọ méjì tí a so ní ojú kọjú ń sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Bí a bá so wọ́n ní ẹ̀yìn kẹ̀yìn, ìjà ni. Ẹni tí a fi àrokò rán kò gbọ́dọ̀ tú u so lójú ọ̀nà, nítorí ẹni tí yóò gbà á kò sí níbi tí wọ́n ti di í.

Kóòdù S82.2 kò béèrè bóyá ọmọ ọba ni ọ́ tàbí ọmọ tálákà. Àǹfààní rẹ̀ lórí òkúta Hammurabi nìyẹn, kò sì kéré. Àwọn kan nínú wa máa ń ráhùn pé ayé òde òní ti sọ ènìyàn di nọ́ńbà. A gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé nígbà tí wọ́n ń fi orúkọ ìdílé díye lé eegun, ẹrú ni ó wà nísàlẹ̀.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ níbi tí a ti so owó mọ́ nọ́ńbà. Yàtọ̀ sí kóòdù tí ń sọ ohun tí ó ṣe aláìsàn, òmíràn wà tí ń sọ ohun tí dókítà ṣe. Ní ilẹ̀ Faransé, láti 2005, àkójọ CCAM ni ó gba ipò àkójọ àtijọ́ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin àti nọ́ńbà mẹ́ta ni ó fi ń pe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà N ni ó sì ń ṣíwájú iṣẹ́ eegun ẹsẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ibẹ̀ ni ó tẹ àkójọ tiwọn, CPT, jáde ní 1966. A ó fi ti Amẹ́ríkà ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó fi ohun tí a ń wí hàn kedere. Bí dókítà bá kàn de ojúgun tí ó ṣẹ́ láìfà á tọ́, 27750 ni. Bí ó bá fi ọwọ́ fà á tọ́ kí ó tó dè é, 27752. Bí ó bá gba inú awọ fi irin mú un láìla ẹsẹ̀, 27756. Bí ó bá la ẹsẹ̀, tí ó fi irin pẹlẹbẹ mú eegun pọ̀, 27758. Bí ó bá ti ọ̀pá irin bọ inú mùdùnmúdùn eegun, gẹ́gẹ́ bí Gerhard Küntscher ará Jámánì ṣe fi han àwọn oníṣẹ́ abẹ ní 1940, 27759 ni. Nọ́ńbà márùn-ún, iṣẹ́ márùn-ún, iye owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú ètò ìjọba wọn, owó iṣẹ́ abẹ náà ti kó ìtọ́jú 90 ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e pọ̀. Dókítà kan náà kò gbọdọ̀ tún gba owó ọ̀tọ̀ fún àbẹ̀wò lásán láàárín ọjọ́ wọ̀nyí.

Wọ́n tún ń fi lẹ́tà kan parí orúkọ ìpalára náà. A ni bí awọ kò bá bẹ́. B tàbí C ni bí ọgbẹ́ bá wà, ní ìbámu pẹ̀lú ìpele tí Gustilo àti Anderson gbé jáde ní 1976. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè wa mọ agbára àmì kékeré. Eegun ni ó gbé ara ró. Eégún ni ó ń jó lójú agbo. Àmì ohùn méjì péré ni ó yà wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ̀kan sí ipò èkejì, a ó fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé owó ni yóò pọ̀ sí i nígbà tí a bá ṣi àmì kọ ńkọ́? Akọ̀wé tí ó kọ 27759 fún ẹsẹ̀ tí wọ́n kàn fi ọwọ́ fà tọ́ kò yí ohunkóhun padà lára aláìsàn. Ẹsẹ̀ náà kò mọ̀. Ẹni tí ń sanwó láti ọ̀nà jíjìn kò mọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní òfin kan láti 1863, tí wọ́n kọ́kọ́ fi mú àwọn tí ń ta ẹrù ayédèrú fún ọmọ ogun. Òfin yẹn náà ni wọ́n fi ń mú ẹni tí ó bá kọ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba fún owó.

Nítorí náà, orúkọ tí a so owó mọ́ nídìí nílò ẹ̀rí ju orúkọ lásán lọ. Àwọn àgbà sọ pé òótọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Nígbà tí a rí rádíò ẹ̀yìn yẹn ní ìlà kẹsàn-án, èké tí wọ́n fi owó lọ́wọ́ rà ni a rò pé a rí.

Ẹsẹ̀ tí a tò, tí a kò jẹ́ kí ó rìn

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ akápò ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò lè fò. Dókítà ti kọ ìwé pé kí ọmọ náà máa lọ sílé. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ó tún lò níbẹ̀ lẹ́yìn ìwé yẹn, nítorí pé owó kò pé. Ibùsùn rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé. Ó ń wo ọ̀nà.

Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ròyìn ọ̀nà tí àwọn baba wa ń gbà gba gbèsè. Ológò a lọ jókòó sí ilé ajigbèsè, a máa yọ ilé lẹ́nu títí wọn yóò fi wá owó. Ẹlẹ́mùú a mú ẹrù ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ìlú ajigbèsè wá. Ìwọ̀fà sì wà pẹ̀lú, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ fún olówó títí a ó fi san owó tí a yá. A kò kọ èyí láti yin àṣà wọ̀nyí. Ìyà tí ẹ̀mú àti ìwọ̀fà fi jẹ ènìyàn pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi wọ́n wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ológò ni ó máa ń lọ jókòó ní ilé ajigbèsè. Níbí yìí, ajigbèsè ni wọ́n mú jókòó ní ilé ológò. Ìwọ̀fà ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni èlé owó. Aláìsàn tí a dá dúró kò ṣe iṣẹ́ kankan, owó ibùsùn rẹ̀ sì ń gùn sí i lójoojúmọ́. Ní ti ìṣirò lásán, ó burú ju ìwọ̀fà lọ. Ìwé àdéhùn àgbáyé ti 1966 lórí ẹ̀tọ́ aráàlú, tí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ darapọ̀ mọ́ ní 1992, sọ ní àpilẹ̀kọ 11 rẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ ti ẹnikẹ́ni mọ́lé nítorí pé kò lè mú àdéhùn owó ṣẹ. Ilé ìwòsàn kì í ṣe ẹ̀wọ̀n, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé tí a kò lè jáde níbẹ̀, orúkọ wo ni kí a pè é?

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹnu ilé ìwòsàn pẹ̀lú, nítorí agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀pá irin kì í hù ní oko. Láti 1999, ẹgbẹ́ SIGN, tí oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà Lewis Zirkle dá sílẹ̀, ti ń fi irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwòsàn ní orílẹ̀-èdè tálákà láìgba owó irin. Ṣùgbọ́n irin nìkan kọ́ ni iṣẹ́ abẹ. Iná mànàmáná wà níbẹ̀, oògùn wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, owó oṣù àwọn tí ń fọ yàrá wà níbẹ̀. Bí gbogbo ẹni tí a tò lẹ́sẹ̀ bá ń rìn jáde láìsan nǹkan kan, ẹni tí yóò fara pa ní ọ̀la kì yóò bá irin lórí pẹpẹ. Gbèsè náà jẹ́ gbèsè òtítọ́, ẹni tí a sì jẹ ní gbèsè ju dókítà lọ: aláìsàn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni.

Ní oṣù kẹsàn-án 1987, àwọn mínísítà ìlera Áfíríkà pàdé ní Bamako, wọ́n sì fẹnu kò pé kí ará ìlú máa san díẹ̀ fún oògùn, kí owó náà dúró ní ibùdó ìlera láti fi ra òmíràn, kí àwọn ará ìlú sì máa ṣọ́ ọ. Orílẹ̀-èdè wa wà lára àwọn tí ó tètè tẹ̀lé ọ̀nà yìí. Ó bójú mu fún ibà. Ṣùgbọ́n ojúgun kì í ṣe ibà. Owó ibà lè ti inú àpò jáde; owó ojúgun a máa béèrè ilẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ, owó ilé-ìwé àbúrò. Láti 2019, ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ ètò ARCH, tí apá ìlera rẹ̀ wà fún àwọn tí ó tòṣì jù. Ìgbésẹ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n níbi tí adójútòfò bá ti wọlé, kóòdù ni ó ń tẹ̀lé e, nítorí ẹni tí ń sanwó kò ní rí ẹsẹ̀. Orúkọ ẹsẹ̀ nìkan ni yóò rí. Ìbéèrè nípa òtítọ́ inú ìwé kò ní pẹ́ di ti gbogbo wa.

Ohun tí akápò fi hàn wá

A dé ọ̀dọ̀ akápò pẹ̀lú ìbínú. A fi ìka lé ìlà kẹsàn-án. A bi í léèrè ohun tí rádíò ẹ̀yìn ń wá lórí ìwé ojúgun. Ọkùnrin náà kò bínú. Ó wọ inú yàrá lọ, ó mú fáìlì kan bọ̀, ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, ó sì yí i sọ́dọ̀ wa. «Ọ̀gá, ọwọ́ ta ni èyí?»

Ọwọ́ wa ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ọmọ náà fara pa, ẹbí rẹ̀ ti wá pè wá láti bá wọn kọ ìwé ìgbàwọlé. Ó ń ti Igolo bọ̀ lórí alùpùpù, ó di epo kpayo sẹ́yìn, ó já sínú kòtò lójú ọ̀nà, alùpùpù náà sì wó lé e lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà wọ́n, ẹ̀rù aṣọ́bodè ń bà wọ́n. Wọ́n bẹ̀ wá. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní kíláàsì pé kí wọ́n má purọ́, a mú kálámù, a sì kọ ọ́ pé ó já láti orí ọ̀pẹ: «chute d'un palmier». Ta ni yóò jiyàn? Ọ̀pẹ kò wọ́n ní ilẹ̀ wa, ọdọọdún ni ènìyàn sì ń já láti orí rẹ̀.

«Ẹni tí ó bá já láti orí ọ̀pẹ,» ni akápò wí, «a kì í wo ojúgun rẹ̀ nìkan. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ lè ti ṣẹ́ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ohun tí ẹ kọ ni dókítà tẹ̀lé.»

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tiwa kò tilẹ̀ pẹ́ tó oṣù kan. Olè tí a wá mú, àwa ni. Ìyá náà ti san owó irọ́ wa, pẹ̀lú owó tí ó yá lọ́wọ́ àwọn ìyá alájọ ní ọjà.

Láti ọjọ́ yẹn ni a ti ń rò ó. Nínú àkójọ àgbáyé tí a mẹ́nu bà, W14 ni orúkọ jíjá láti orí igi. Àwọn tí ó fara pa lórí alùpùpù wà láàárín V20 àti V29. A mú ẹnìkan kúrò nínú ìṣirò ọ̀nà, a sì fi í sínú ìṣirò igi. Nǹkan kékeré ni lójú ẹni tí ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n a kì í ṣe àwa nìkan ni a ń ṣe é. Bí gbogbo wa bá ń já láti orí ọ̀pẹ, ta ni yóò dí kòtò ojú ọ̀nà? Ohun tí ó wà nínú fáìlì aláìsàn kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ẹni tí yóò gba ọ̀nà yẹn ní ọ̀la ní ìpín nínú rẹ̀. Àrokò ni a fi rán wa, a sì tú u so lójú ọ̀nà.

Ṣé ẹ̀bi wa nìkan ni? A kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí òtítọ́ lè mú dé àgọ́ ọlọ́pàá yóò wá ibi tí yóò fi í pamọ́ sí. Àwọn oníṣègùn ti ń búra láti ayé Hippocrates pé ohun tí wọ́n bá gbọ́ lẹ́nu aláìsàn, àwọn kò ní tú u síta. Bí ará ìlú kò bá gbàgbọ́ pé ìbúra yìí dé ibi tábìlì tí wọ́n ti ń kọ ìwé ìgbàwọlé, ọ̀pẹ ni wọn yóò máa já. Ilé ìwòsàn jẹ wá ní gbèsè ibi tí a ti lè sọ òótọ́ láìbẹ̀rù. Àwa náà jẹ ẹ́ ní gbèsè òótọ́ yẹn. Kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó lè máa retí kí èkejì kọ́kọ́ san tirẹ̀.

Èsì fún ìyá náà

Ó wá tó àsìkò láti dá ìyá náà lóhùn. Èrò wa nìyí: ẹsẹ̀ ọmọ rẹ kò ní iye. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí i ni ó ní iye. Nítorí pé iṣẹ́ ní iye, ó yẹ kí a san án, a kò sì gbọdọ̀ sá fún un. Nítorí pé ẹsẹ̀ kò ní iye, kò sí ẹni tí ó lè gbà á sílẹ̀ bí ohun ìdúró fún owó. Ẹni tí ó bá dá ara ènìyàn dúró nítorí iye iṣẹ́ ti da méjèèjì pọ̀, ó sì ti padà sídìí òkúta Hammurabi láìmọ̀. Kí ilé ìwòsàn kọ gbèsè sílẹ̀, kí ó pín in sí oṣù, kí ẹlẹ́rìí wà, kí aláìsàn sì máa lọ. Ẹsẹ̀ tí ó bá ń rìn ni ó lè wá owó.

Ó sì yẹ kí ẹni tí yóò san owó lè ka ohun tí ó ń san. Àìgbọ́ Faransé ìyá yìí ni ó jẹ́ kí ìlà kẹsàn-án dà bí olè lójú rẹ̀ àti lójú wa. Adìyẹ oníṣègùn àtijọ́ ní ẹ̀kọ́ tí ó fi sílẹ̀ fún ilé ìwòsàn ní ọ̀nà yìí: kí ojú gbogbo ẹbí tó o. A dá a lábàá fún ẹgbẹ́ wa pé kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ó gbọ́ èdè méjèèjì máa yọ̀ǹda ọjọ́ kan lóṣù láti bá àwọn tí kò lè kàwé túmọ̀ ìwé owó wọn, ìlà sí ìlà, láìbínú sí ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó ka ojú ewé àkọ́kọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe é dáadáa ju àwa lọ. Àjọ tí àwọn ìyá ń dá ní ọjà pẹ̀lú, a lè ya díẹ̀ nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ fún eegun kí eegun tó ṣẹ́, nítorí ọjọ́ tí ó bá ṣẹ́ kì í ṣe ọjọ́ tí a ń ronú dáadáa.

A ti jẹ́wọ́ fún ìyá náà, a sì dá owó rádíò yẹn padà fún un. Ó gbà á, ó kà á, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá a lè bá òun tún ìwé àkọ́kọ́ yẹn kọ. A padà lọ sí ilé ìwòsàn, a sọ òótọ́ fún dókítà nínú yàrá rẹ̀, ó fa ìlà sí orí ọ̀pẹ, ó kọ alùpùpù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọlọ́pàá kankan kò wá. Ọmọ náà ń rìn báyìí, ó ń tiro díẹ̀ ní àsìkò òtútù. Ìwé onílà mẹ́tàdínlógún náà wà nínú àpótí ìyá rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìbí àwọn ọmọ.